Àgbéyẹ̀wò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lórí ewì Modernismo àti ipa Faransé

Modernismo ni ọ̀nà tuntun tí àwọn akéwì elédè Sípéènì ní Amẹ́ríkà Látìnì fi ń kéwì ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì ń wo àwòkọ́ṣe Faransé. Owó tí mo san kò dùn mí. Ìdáhùn tí òṣìṣẹ́ wọn fún mi nípa Julián del Casal ni ó mú mi jókòó kọ èyí. Gàdàgbà-gàdàgbà ni wọ́n kọ orúkọ akéwì ọmọ Havana ní Kúbà yìí sínú ìpolówó wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ dé ibẹ̀, Rubén Darío, akéwì ọmọ Nicaragua, ni wọ́n tún bá lọ. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn. Arábìnrin tí ó dáhùn dúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà wọn, ó ní kí n tún fídíò náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tọ́ka sí ìpolówó náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó tún fi ránṣẹ́, kò yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo takú, ó ní: «Ẹ má bínú sà, Casal kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, Darío ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.»

Ẹ gbọ́ ná! Òótọ́ ni pé ìwé Azul..., tí Darío tẹ̀ jáde ní Valparaíso ní 1888, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Casal, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Paris títí ó fi kú ní ọmọ ọdún 29, ẹ̀dà àwòrán Gustave Moreau, ayàwòrán ará Faransé, ni ó ń wò ní Havana tí ó fi kọ sọ́nẹ́ẹ̀tì (ewì onílà mẹ́rìnlá) mẹ́wàá sínú ìwé ewì rẹ̀, Nieve, ní 1892, tí òun àti ayàwòrán náà sì ń kọ lẹ́tà síra wọn. Ọdún yẹn gan-an ni Darío yà ní Havana tí àwọn méjèèjì pàdé.

Ẹ̀bi ọ́fíìsì kò kan olùkọ́, nítorí ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ọjọ́ tí ó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ẹyẹ swan, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tí àwọn akéwì Modernismo mú láti ọ̀dọ̀ Faransé fi ṣe àmì ẹwà, n kò fẹ́ kí ó parí. Ó fi hàn wá pé nínú ìwé Darío, Cantos de vida y esperanza ti 1905, ọrùn ẹyẹ náà tí ó tẹ̀ kọrọdọ ti di àmì ìbéèrè, tí Darío sì ń béèrè níwájú rẹ̀ bóyá èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò máa sọ lọ́la. Lẹ́yìn náà ni ó ka sọ́nẹ́ẹ̀tì tí Enrique González Martínez kọ ní Mexico, èyí tí ó ní kí a lọ́ ẹyẹ náà lọ́rùn, ó sì ṣí ewì Paul Verlaine, akéwì ará Faransé, kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ó ti kọ́kọ́ ní kí a lọ́ ọ̀rọ̀ dídùn lọ́rùn. Ẹni tí ó fẹ́ lé Faransé jáde, ọ̀dọ̀ Faransé náà ni ó ti yá idà!

Wọn kò tíì fi ẹ̀kọ́ Casal síbẹ̀ títí di òní. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti sanwó apá kejì.