Kẹ̀kẹ́ ọmọdé tòkunbọ̀ tí mo rà ní Challenge: kẹ̀kẹ́ dáa, hẹ́límẹ́ẹ̀tì wọn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí ò ní sáìnbọ́ọ̀dù, lápá Challenge n'Íbàdàn níbí ló wà, wọ́n kàn to kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ síta ni, ti ọmọdé, ti àgbà, òmíì ò ní síìtì, òmíì táyà ẹ̀ ti jò pẹlẹbẹ, tẹ́ ẹ bá fi mọ́tò kọjá ẹ lè rò pé àwọn tó ń ra àlòkù irin ni. Ibẹ̀ ni mo ti ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, Àlàájì tó ni ṣọ́ọ̀bù pe 80,000, mo san 62,000. Kẹ̀kẹ́ yẹn dáa. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà mọ́ ọn ni mi ò lè gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ rà, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ yin Àlàájì fún ni pé kò dárúkọ owó rárá títí ọmọ fi jókòó. "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kó gùn ún ná, ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ ẹ̀." Ọmọ gùn ún, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pẹrẹsẹ, Àlàájì ní ó ti bá a mu. Bó ṣe yẹ kó rí fọ́mọ tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ nìyẹn, kì í ṣe orí ìka ẹsẹ̀ o, àtẹ́lẹsẹ̀, torí tí kẹ̀kẹ́ bá ti fẹ́ yẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ti mọ̀ ọ́n gùn tán, ẹ lè wá máa gbé síìtì sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ yà, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ń ta tuntun, oní-ínṣì 20 ni wọ́n fà jáde, ríbọ́ọ̀nù wà lẹ́nu hándù ẹ̀, apẹ̀rẹ̀ wà níwájú, ọmọ ti ń fò sókè, ọmọbìnrin tó ń tajà ní "Mọ̀mí, ẹ mú èyí, ọmọ ń dàgbà, á lè lò ó pẹ́." Ṣé bàtà iléèwé ni? Bàtà tó bá tóbi, èèyàn lè ki tíṣù sí i níwájú. Kẹ̀kẹ́ tó bá tóbi ńkọ́, kí la fẹ́ ki sí i? Táyà ni wọ́n fi ń wọn ínṣì yẹn, 12 sábà máa ń bá ọmọ ọdún mẹ́ta mu, 16 fún ọmọ mẹ́rin sí mẹ́fà, 20 ti di ọmọ mẹ́fà méje sókè, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ orí nìkan rà á, ọmọ ọdún márùn-ún míì ga ju ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ. Tèmi, 16 ni.

Ẹ wá fara balẹ̀ síbi bíréèkì. Kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo tòkunbọ̀ ti ń wá. Èyí tó bá ti ìlú ọba wá, bíréèkì ọwọ́ ọ̀tún ló ń di táyà iwájú mú, tọwọ́ òsì ló ń di tẹ̀yìn. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, òdìkejì ni, òsì níwájú, ọ̀tún lẹ́yìn, àwọn kékeré wọn míì ò tiẹ̀ ní bíréèkì ọwọ́ rárá, pẹ́dàlì lọmọ máa yí sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ á sì dúró. Ọmọ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ tó wá fún ti iwájú nìkan pinpin, ìdí kẹ̀kẹ́ lè gbé nílẹ̀, kó gba orí hándù fò lọ síwájú. Torí náà kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé táyà iwájú sókè, ẹ fọwọ́ yí i, kẹ́ ẹ wá fún bíréèkì lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ mọ èyí tó dá a dúró. Tèmi, ìlú ọba ló ti wá, mo lẹ sítíkà pupa mọ́ ti iwájú. Ìka ọmọ tún gbọ́dọ̀ tó irin bíréèkì láì jẹ́ pé ó tú ọwọ́ kúrò lára hándù. Tọmọ mi ò tó o, Àlàájì mú sípánà kékeré onígun mẹ́fà, ó yí sìkúrù kan báyìí nídìí irin yẹn, irin sún mọ́ hándù, ó parí.

Ibi tínú ti bí mi ni rọ́bà bíréèkì. Ó ti gbẹ, ó le, èékánná ò ràn án, tẹ́ ẹ bá fún un á máa han goorogo, kẹ̀kẹ́ ò sì ní dúró, wáyà tẹ̀yìn náà ti dógùn-ún. Wọ́n pààrọ̀ méjèèjì, Àlàájì wá bu 4,000 lé owó mi. Ká sòótọ́, kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí ò ní bíréèkì, kò tíì tó tà, kí ló dé tó fi máa jẹ́ èmi ni n ó sanwó ẹ̀? A fà á títí, ó gba 2,000.

Ó tún fẹ́ kí n ra táyà kéékèèké méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Mo ní rárá, ẹ bá mi yọ pẹ́dàlì ni. Àlàájì wò mí, ó wo ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, kẹ̀kẹ́ tí ò ní pẹ́dàlì, kí ló fẹ́ fi gùn ún?" Ẹsẹ̀ ni. Táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ fì rárá, bẹ́ẹ̀ bó ṣe máa ṣe é tó bá ti ń fì lọmọ fẹ́ kọ́, á mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ pẹ́dàlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tú u, ó di kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ pẹ́dàlì tẹ́ ẹ rẹ síìtì sílẹ̀, á máa fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, á máa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀, á tún fi kanlẹ̀, tí ara ẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n, pẹ́dàlì ò nira mọ́. Kì í ṣe àrà tuntun rárá, kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì tí Karl von Drais gùn jáde ní Mannheim ní Jámánì lọ́dún 1817 ò ní pẹ́dàlì, àgbàlagbà ọkùnrin ló ń fẹsẹ̀ ti ilẹ̀ lọ lójú títì yẹn o.

Ibi tí ọmọ iṣẹ́ Àlàájì ti fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí: pẹ́dàlì ọ̀tún, bẹ́ ẹ ṣe ń tú nọ́tì gbogbo lẹ máa tú u, ẹ yí i sósì. Ti òsì, ọ̀tún lẹ máa yí i sí kó tó tú. Ọmọ yẹn ti ki sípánà 15 bọ̀ ọ́, ó ń fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn síbi tí ò yẹ, tí mi ò bá kígbe ni, eyín sìkúrù inú ihò tí pẹ́dàlì wọ̀ ì bá ti jẹ. Lára irin pẹ́dàlì ẹ máa rí L àti R, ẹ wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pa mọ́, wọn ò ṣeé fi rọ́pò ara wọn.

Àdúgbò wa ò ṣeé kọ́ kẹ̀kẹ́, ọlọ́kadà ń gba ibi tó wù ú, gọ́tà ò sì ní ìdérí. Pápá iléèwé kan la máa ń lọ nírọ̀lẹ́ Sunday, ibi tí koríko ti kúrú tí ilẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Kó tó gùn ún rárá mo ní kó máa tì í rìn, tí mo bá ti ní "Dúró!" kó fún bíréèkì méjèèjì pọ̀, ó wá sọ ọ́ deré, ó ń pariwo dúró fún èmi náà. Nígbà tí pẹ́dàlì padà sí i, abẹ́ abíyá ẹ̀ ni mo ń dì mú, mi ò fọwọ́ kan hándù, torí tẹ́ ẹ bá ti di hándù mú, ẹ̀yin lẹ̀ ń darí kẹ̀kẹ́, ọmọ ò kọ́ nǹkan kan. Bàbá ẹ̀ bá wa lọ lọ́jọ́ kan, hándù ló lọ gbá mú, ọmọ ní "Dádì, ẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́." Ẹ má jẹ́ kó wọ kábà gígùn gùn ún o, ìdérí ṣéènì tiwa ò ju ìdajì lọ, aṣọ lè wọ ibẹ̀. Sílípáàsì náà, rárá. Tó bá kan ti afẹ́fẹ́ táyà, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà, ẹnu páǹpù mọ́tò wọ tiwa, àmọ́ táyà kékeré kì í pẹ́ kún, iye tó ń fẹ́ wà lára táyà fúnra ẹ̀, ẹ ní kó máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ kó má bẹ́.

Ó wá ku hẹ́límẹ́ẹ̀tì. 8,000 ni Àlàájì ń ta tòkunbọ̀ ẹ̀. Mo yí èyí tó mú wá sójú oòrùn, mo rí i pé fóòmù inú ẹ̀ ti là, ìlà tín-ín-rín kan gba ẹ̀yìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ò lè mọ̀ tẹ́ ẹ bá wo ike òde nìkan. Fóòmù yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣiṣẹ́, òun ló ń run kórí má fọ́, tó bá ti run kì í padà sípò mọ́. Ta ló mọ ẹni tó ti fi ṣubú lọ́hùn-ún? Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, mo gbà. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀, mi ò gbà. Níbòmíì ni mo ti ra tuntun, 19,000, ó dùn mí, ṣùgbọ́n EN 1078 wà nínú ẹ̀, àmì pé wọ́n ti dán an wò ní ìlànà Yúróòpù nìyẹn, tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, CPSC lẹ máa rí, tẹ́ ẹ ò bá rí ọ̀kankan ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ má sì gbé ti ọlọ́kadà lé ọmọ lórí, ó wúwo jù fún ọrùn ẹ̀. Kí iwájú hẹ́límẹ́ẹ̀tì fi nǹkan bí ìka méjì ga ju irun òkè ojú lọ, kí okùn ẹ̀ pàdé lábẹ́ etí, kí ìka kan rí àyè wọ abẹ́ àgbọ̀n. Ti irun wá lẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ọmọ tó bá di ṣùkú, hẹ́límẹ́ẹ̀tì á kàn gúnlẹ̀ sórí irun ni, iwájú orí á wà ní gbangba. Onídìrí wa ti mọ̀ báyìí, kòlẹ́sẹ̀ ló ń bá a di, òun fúnra ẹ̀ ló ń pè é ní irun oníkẹ̀kẹ́.

Mo fún Àlàájì ní 4 nínú 5, rọ́bà bíréèkì ló jẹ ẹyọ kan tó kù. Kì í fúnni ní rìsíìtì o, àmọ́ mo ti gbé kẹ̀kẹ́ padà lọ bá a nígbà tí ṣéènì dẹ̀, ó fà á le lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ọmọ dání, ẹ lọ láàárọ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀ ó máa ń tilẹ̀kùn lọ kírun, ẹ sì mú káàṣì, POS ibẹ̀ kì í sábà ṣiṣẹ́.