Gangi àbí Mussomeli: ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé lórí òkè Sicily, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi

Ti ilé yúrò kan, ìyẹn àwọn ògbólógbòó ilé tí wọ́n ń tà ní yúrò kan péré, gbogbo ayé ti wo fídíò ẹ̀, mi ò ní tún un sọ. Gangi àti Mussomeli, ìlú kéékèèké ni wọ́n ní erékùṣù Sicily ní Ítálì. Mussomeli ni ilé mi wà. Gangi ni mo kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ lowó mi há sí.

Ká fi ti ẹwà ṣáájú: Gangi ni, ẹ má jiyàn. Ó ga tó 1,000 mítà, ilé lórí ilé, lọ́dún 2014 ni wọ́n dìbò fún un pé òun ló rẹwà jù nínú àwọn ìlú kéékèèké Ítálì, tójú ọjọ́ bá sì mọ́ ẹ máa rí òkè Etna lọ́ọ̀ọ́kán. Mussomeli ní ilé olódi (castle) kan tí wọ́n kọ́ sórí àpáta láyé àtijọ́, ìyẹn náà ò kéré.

Òtútù: yìnyín máa ń bọ́ dáadáa ní Gangi. Ọsibítù: ti Mussomeli wà nínú ìlú, ará Gangi máa wakọ̀ lọ Petralia Sottana. Omi: Mussomeli á fìyà jẹ yín díẹ̀, kì í yọ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá pín in nìkan ló ń yọ, ọ̀dá 2024 sì tún dá kún un, ẹ ra táǹkì ńlá.

Ìwé ilé wá ńkọ́? Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ẹbí rí nílé, ọ̀rọ̀ yìí á yé e kíá. Ní Ítálì, tí bàbá bá kú, gbogbo ọmọ ló nípìn-ín nínú ilé, tọ́mọ kan bá tún kú ìpín ẹ̀ á di tàwọn ọmọ tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ará orí òkè yìí ti tú ká lọ Jámánì, Amẹ́ríkà, Ajẹntínà látọjọ́ tó ti pẹ́. Bàbá kan mú mi wọ ilé yàrá mẹ́ta kan ní Gangi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó se kọfí fún mi, ó mú visura catastale jáde, ìyẹn ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde látinú àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀ ìjọba (catasto), orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀ gbàǹgbà. Mo ka yúrò 1,500 fún un, ìwé pélébé kan la fi kọ ọ́. Ìgbà tá a dé ọ̀dọ̀ notaio, ìyẹn amòfin tó ń ṣe ìwé ilé títà, ni notaio wá bi bàbá náà pé, "Àwọn mẹ́fà tó kù ńkọ́?" Mẹ́fà! Àṣé ìwé catasto yẹn, tìtorí owó orí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rí pé èèyàn ló nilé. Ọ̀kan wà ní Jámánì tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan ti kú sí Ajẹntínà, àwọn ọmọ ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé kankan ń bẹ. Mo dúró fún oṣù mọ́kànlá. Bàbá ò gbé fóònù mi mọ́.

Òfin kan náà ló wà ní Mussomeli o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àjèjì ti ra ilé níbẹ̀ gan-an, àwọn tó ń tà á ti mọ ìwé tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Èmi náà sì ti gbọ́n: kí n tó yọ kọ́bọ̀, mo ní kí notaio tọpasẹ̀ ilé náà fún ogún ọdún sẹ́yìn. Ìyá opó kan ṣoṣo ló ni ín. Oṣù méjì, ó parí. Tó bá jẹ́ ti yúrò kan lẹ fẹ́ níbẹ̀, ẹ máa fi owó dógò, ẹ sì máa tún un ṣe láàárín ọdún mẹ́ta.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ra ti Gangi o. Mo ṣì máa ń lọ síbẹ̀ lóṣù kẹjọ tí wọ́n bá ń ṣọdún ọkà wọn, mo sì máa ń gba iwájú ilé yẹn kọjá. Títì ló ṣì wà.