Ibi àyẹ̀wò DNA kan ní Ìkòròdú tó mọ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi èèyàn

Akọ̀wé lọ́yà ni mí ní Ìkòròdú. Èmi ni mo máa ń mú àwọn oníbàárà wa lọ ṣe àyẹ̀wò DNA tí ẹjọ́ ọmọ bá délẹ̀. Láwọn ibòmíràn, wọ́n á ní kó o yanu, wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, wọ́n á gbowó, ó parí. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ń lò báyìí ní Sábó kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo mú ọkùnrin kan lọ tó ní ọmọ kì í ṣe tòun. Obìnrin tó ń gba àyẹ̀wò ò tíì já ike òwú tó fi bi í pé, "Ẹ má bínú sà, ṣé ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí lè kàn?" Ọkùnrin náà dákẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Àbúrò mi." Obìnrin yẹn kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó ní kí àbúrò náà yọjú. Ó sì yọjú.

Ìbéèrè yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ máa ń rí lórí ìwé èsì, tó ń sọ pé ọkùnrin náà ni bàbá ọmọ, àfiwé ni: wọ́n fi ọkùnrin tí wọ́n yẹ̀ wò wé ọkùnrin tí kò bá a tan rárá. Tó bá jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ni ẹni kejì, agbára nọ́ńbà yẹn á dín kù, torí ohun tí wọ́n jọ jogún pọ̀.

Nọ́ńbà tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè ti ba ayé èèyàn jẹ́ rí. Ọmọ ìkókó méjì kú mọ́ Sally Clark lọ́wọ́ ní England. Lọ́dún 1999, Dókítà Roy Meadow sọ ní kóòtù pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù 73 ni ọmọ méjì lè kú ikú òjijì bẹ́ẹ̀ nínú ilé kan. Ó mú 1 nínú 8,543, ìyẹn ti ọmọ kan ṣoṣo, ó fi ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, bí ẹni pé ikú ọmọ kejì ò lè tan mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìyá kan, bàbá kan, ilé kan náà! Wọ́n dá a lẹ́bi pé ó pa wọ́n. Ní 2001, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò, Royal Statistical Society, sọ ní gbangba pé nọ́ńbà yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 2003 ni wọ́n tó dá obìnrin náà sílẹ̀. Ó kú ní 2007. Ó ṣì ń dùn mí.

Nínú òfin ẹ̀rí wa ti 2011, abala 68 gba onímọ̀ láàyè láti sọ èrò rẹ̀ fún adájọ́. Ohun tí lọ́yà kejì á kọ́kọ́ bi í ni pé itọ́ ta ni èyí. Ṣọ́ọ̀bù yìí ti múra sílẹ̀ fún un: wọ́n ya fọ́tò gbogbo wọn, wọ́n wo káàdì ìdánimọ̀, wọ́n di àpò ìwé náà lójú wa, kálukú sì fọwọ́ sí orí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa.

Owó wọn wọ́n díẹ̀. Ìjókòó ò tó, ìyá ọmọ náà dúró pọ́n ọmọ títí ó fi kàn wọ́n. Èyí tó dùn mí jù ni ìwé èsì: 99.99 tóbi gbàǹgbà láàárín, àlàyé irú ẹni tí wọ́n fi ọkùnrin náà wé sì rí wínníwínní nísàlẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e sókè.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìbí ọmọ dání, kẹ́ ẹ sì tètè dé láàárọ̀.