Windows 11 lójú ẹni tí Windows 10 ti mọ́ lára

Láti ọdún 2016 ni mo ti ń fi Windows 10, ètò Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé tí mo sì ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Pánṣẹ́kẹ́, ní Abẹ́òkúta, ó sì ti mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé mo lè máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ mi sì máa ṣí fáìlì rẹ̀ lọ. Nígbà tí Windows 11 jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, tí àwọn ọmọkùnrin tó ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ládùúgbò wa ń sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká bá yín yí i padà," èsì mi ni pé èyí tí mo ń lò kò tíì ṣẹ̀ mí. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi dúró lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìyára ọwọ́ ni owó: akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí agogo méjì tó lù kò ní dúró kí n máa wá ibi tí wọ́n gbé bọ́tìnì kan sí. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni pé ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò tó ń ṣe fún Windows 10 dúró, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Kọ̀ǹpútà mi kò kú lọ́jọ́ náà. Ó tàn, pírìntà sì ń jẹ́ ẹ lóhùn. Àmọ́ fíláàṣì ogún ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan, nọ́ńbà NIN àti ti àkáǹtì báǹkì wọn sì ń gba ibẹ̀ kọjá. N kò lè máa fi ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ní tún ṣe mọ́ ṣọ́ ẹrù ẹlẹ́rù.

Ibi tó ti dun àpò ni pé láptọ́ọ̀pù mi kò kún ojú òṣùwọ̀n. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 4 GB àti ààyè ìpamọ́ 64 GB tí Windows 11 ń béèrè kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó tún ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò kọ̀ǹpútà, bí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá sì jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ló ń gbà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà tí tèmi jẹ́ ìran kẹfà. Àwọn kan mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n fi ń gbé e wọ irú rẹ̀, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe yóò máa dé ibẹ̀, nítorí náà n kò gbà. Windows 11 fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ní ojúlówó Windows 10 lórí ẹ̀rọ tó péye; láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo ní láti lọ rà ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára rẹ̀ ni taskbar, ìyẹn ìlà tí àmì àwọn ètò tí a ń ṣí máa ń wà. Àárín ni wọ́n to àwọn àmì inú rẹ̀ sí. Mo dá wọn padà sí apá òsì nínú Settings, ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo gbà, kò sí bí mo ṣe lè gbé e lọ sókè ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí mo ti fi tèmi sí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mo bá sì tẹ máòsì lápá ọ̀tún, díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn mí, mo gbọ́dọ̀ tún tẹ "Show more options" kí ìyókù tó jáde. Ìtẹ̀ kan péré ni lójú ẹni tó ṣètò rẹ̀. Lójú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, iṣẹ́ ni.

Síbẹ̀, mo gbóríyìn fún un níbi kan. Bí mo bá gbé máòsì sórí bọ́tìnì tó ń sọ ojú ìwé di ńlá, ó ń fi oríṣiríṣi ọ̀nà tí mo lè gbà pín ojú kọ̀ǹpútà hàn mí, tí mo fi ń to ìwé tí oníbàárà fi ọwọ́ kọ sí apá kan kí n sì máa tẹ̀ ẹ́ ní apá kejì. Pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá náà ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún èmi tó ń tẹ ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó, nínú ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn èdè Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859.

Ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bá péye, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé Windows 11 wọ̀ ọ́, kó fara da ọ̀sẹ̀ méjì ìkùnsínú. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá péye, kó má ṣe sanwó fún ẹni tó fẹ́ fipá gbé e wọ̀ ọ́. Ní tèmi, mo ti yọ ẹ̀rọ àtijọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fíláàṣì ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ mọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ló ń jókòó sídìí tuntun. Bí iṣẹ́ olójú ìwé ọgọ́ta bá sì dé, ìdí ti àtijọ́ ni mò ń gbé àga mi lọ.