Ẹ̀rọ NMR orí tábìlì fún sìmẹ́ǹtì: owó ẹ̀ ò ṣòfò, àmọ́ ẹ bèèrè nǹkan kan kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì, tẹ́ ẹ sì ń rò ó bóyá kẹ́ ẹ ra NMR kékeré yẹn, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò wo omi inú nǹkan, èyí tí agbára òòfà ẹ̀ ò ju bíi 0.5 tesla lọ, ẹ rà á jàre. Mi ò tíì rí nǹkan míì tó ń jẹ́ n rí omi inú sìmẹ́ǹtì láì mú un gbẹ, láì fọ́ ọ. Èyí tí wọ́n fi ń ti mẹ́kúrì wọnú ihò ńkọ́? Àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fa omi ẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ tó wá débẹ̀ àwọn ihò tíntìntín tẹ́ ẹ fẹ́ wò á ti bàjẹ́.

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ìgbì rédíò ta háídírójìn inú omi jí, á wá máa wo bí ìró ẹ̀ ṣe ń yára kú sí. Omi tó ráyè, ìró ẹ̀ máa ń pẹ́, èyí tó há sínú ihò tóóró ń kọlu ara ihò léraléra, kíá ni tiẹ̀ ń kú. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ po sìmẹ́ǹtì, òkè kan ṣoṣo ló máa yọ lójú kọ̀ǹpútà, níbi mílísẹ́kọ́ǹdì mélòó kan, tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í sún sọ́wọ́ òsì, á pín, ọ̀kan á dúró sí bíi 300 máíkírósẹ́kọ́ǹdì, ìyẹn omi inú ihò jẹ́ẹ̀lì C-S-H, ohun bíi gọ́ọ̀mù tó ń so sìmẹ́ǹtì pọ̀, òmíì á lọ sí bíi 100, ìyẹn omi tó há sáàárín ìpele C-S-H fúnra ẹ̀. Túùbù sìmẹ́ǹtì kan náà lẹ máa wò láti wákàtí àkọ́kọ́ títí dọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ẹ ṣáà dé e dáadáa kómi má fẹ́ lọ. Ó dùn ún wò gan-an!

Ibi tó ń dùn mí: ẹni tó ta àkọ́kọ́ fún wa ò sọ fún wa pé àlàfo tó wà láàárín gbohùngbohùn kan sí èkejì lórí ẹ̀ (ìyẹn ìró omi tí ẹ̀rọ ń pè padà léraléra kó lè gbọ́ ọ) tó 200 máíkírósẹ́kọ́ǹdì. Omi C-S-H yẹn á ti dákẹ́ kí ẹ̀rọ tó gbọ́ nǹkan kan, ìdí tá a fi rà á gan-an nìyẹn o. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kó má ju 50 lọ.

Sìmẹ́ǹtì funfun ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, irin inú sìmẹ́ǹtì eléérú máa ń da ìró rú. Òòfà ọ̀pọ̀ lára wọn sì máa ń gbóná tó 35 sí 40 dígírì, tẹ́ ẹ bá fi túùbù sílẹ̀ síbẹ̀ á yára le ju ti ìta lọ, torí náà ẹ máa yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ti wò ó tán, àbí kẹ́ ẹ fowó kún un kẹ́ ẹ ra èyí tó ní ohun tó ń tọ́jú ìgbóná túùbù. Tó bá jẹ́ bí sílíkà inú C-S-H ṣe ń so kọ́ra lẹ fẹ́ wò, ẹ̀rọ NMR ńlá lẹ máa gbé e lọ bá.