Ọ̀dà oníyẹ̀fun òkúta tí a fi kun ilẹ̀ ilé gàrí wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè irú ọ̀dà tó wà nílẹ̀ ilé gàrí wa ní Kàbbà, epoxy ni, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń po oje méjì pọ̀ kó tó le, èyí tí wọ́n po ìyẹ̀fun òkúta líle tí wọ́n ń pè ní quartz mọ́. Ó wọ́n o. Síbẹ̀, màá tún un rà.

Sìmẹ́ǹtì lásán kì í pẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń fún ẹ̀gẹ́. Omi ẹ̀gẹ́ kíkan á jẹ ẹ́ títí yanrìn inú rẹ̀ á fi yọ síta, bárò á sì parí ìyókù. Omi kíkan kì í jẹ epoxy tí kò ní òkúta nínú, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ agbada kọjá lórí rẹ̀, ńṣe ló ń họ.

Ọ̀dà oníyẹ̀fun máàbù náà wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Jakura tí wọ́n ti ń wa máàbù ò kúkú jìnnà sí wa. Ẹni tó fẹ́ kun ògiri yàrá lè rà á. Fún ilé gàrí, rárá. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, láti 1 dé 10, máàbù ò ju nǹkan bí 3 lọ, quartz wà ní 7. Ìṣó ń ha máàbù, kò lè ha quartz. Omi kíkan tún ń jẹ máàbù: ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìyẹ̀fun rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń hó. Lábẹ́ jáàkì tá a fi ń fún ẹ̀gẹ́, a kun apá kan ní ti máàbù, apá kejì ní ti quartz. Apá ti máàbù ti lu wẹ́wẹ́, ẹnu ìṣó ń wọ ihò rẹ̀; dídán nìkan ni apá kejì pàdánù.

Àléébù ọ̀dà oní-quartz yìí ń kọ́? Ìyẹ̀fun yẹn máa ń sùn sísàlẹ̀ agolo. Ẹ fi igi họ ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó da hádínà, oje kejì tó ń mú un le, sí i. Ilẹ̀ náà tún ń rí ṣákaṣàka; kì í yọ̀, ṣùgbọ́n èérí ń há sí i, àwọn ìyá tó ń fọ̀ ọ́ ò yéé ráhùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó pọ̀ sí i, tó wá ń bu yanrìn kún un, ọ̀dà ò ní ká òkúta mọ́, wẹ́wẹ́wẹ́ ló máa ń ṣí. Ẹ má sì lọ quartz fúnra yín: eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kódà nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ha èyí tó ti gbó, ẹ lo ìbòmú.

Ẹni tó tà á fún wa sọ pé ọjọ́ kejì tá a bá kùn ún la lè ti bárò wọlé. Àwa fún ọ̀dà náà ní ọ̀sẹ̀ kan.