Àmì dúdú ara páálí oúnjẹ ní Chile: ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti ń jò

Láti oṣù kẹfà ọdún 2016 ni òfin Chile ti ní kí wọ́n tẹ àmì dúdú onígun mẹ́jọ síwájú oúnjẹ inú páálí àti ohun mímu tí ṣúgà, iyọ̀, ọ̀rá dídì tàbí kálórì rẹ̀ bá ti pọ̀ jù. "ALTO EN", ìyẹn "ó kún fún" lédè Spéènì, ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ ní funfun. Ọjà kan lè gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Ohun tó wù wá jù lára rẹ̀ ni pé kò di ìṣirò ru ẹni tó ń rajà. Ẹni tó ń sáré láti ibiṣẹ́ lọ sílé kò ráyè yí páálí sẹ́yìn kó máa ka lẹ́tà tíntìntín. 100 gíráàmù tàbí 100 mílílítà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe "ìwọ̀n ẹnì kan" tí olówò lè gé kúrú bó ṣe wù ú. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n fi mú un le, 2016, 2018 àti 2019, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì dín ṣúgà kù kí àmì má bàa kàn wọ́n. Ohun mímu alámì tí àwọn ìdílé ń rà náà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Àmọ́ ó ń jò. Gíráàmù 5 ni ààlà ṣúgà nínú 100 mílílítà ohun mímu. Èyí tó ní 4.9 bọ́ láìgba àmì, bẹ́ẹ̀ ìgò rẹ̀ tó jẹ́ 500 mílílítà kó gíráàmù 24.5, bíi ṣíbí tíì mẹ́fà! Omi èso tí wọn ò fi ṣúgà kún náà ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tó fi adùn àtọwọ́dá rọ́pò ṣúgà kò gba àmì kankan lórí ìyẹn. Mẹ́síkò ló fi ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ kún tiwọn ní 2020.

Kì í ṣe àmì nìkan ló ṣe iṣẹ́ náà o. Òfin kan náà ni kò jẹ́ kí wọ́n polówó ọjà alámì fọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 14, tàbí kí wọ́n tà á nílé-ìwé, òun ló sì pa àwòrán ẹranko rẹ́ lára páálí oúnjẹ ọmọdé. Ṣùgbọ́n kò sí àmì tó lè sọ ẹ̀fọ́ àti èso di olówó pọ́ọ́kú fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a.

Bí wọ́n bá máa tún un ṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ àpapọ̀ ṣúgà inú odindi ìgò síwájú ìgò náà.